Káàdì Orí Àjà Ẹja

Bàsíà ni Adéyẹyè kọ́kọ́ rí kó tó rí ẹni tó rù ú. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá létí omi Ogbe-Ijoh. Àwọn ọkọ̀ tó ti Ubeji dé ń fi imú gbún ara wọn létí èbúté, obìnrin kan sì ń bọ̀ lórí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ṣe afárá. Ọwọ́ kan di bàsíà mú lórí, ọwọ́ kejì gbé bàtà gogoro dání. Síkẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì ló wọ̀, funfun báláú, pákó náà sì ń mì, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kò mì. Òórùn ẹja yíyan ti ṣáájú rẹ̀ gúnlẹ̀.

Ebi ń pa Adéyẹyè. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó ti Èkó dé Warri, kò mọ ilé oúnjẹ kankan, kò sì mọ oúnjẹ sè. Ó gbọ́ pé Pidgin ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, nítorí náà ó to èyí tó mọ̀ pọ̀.

"Sister, abeg, how much your fish?"

Obìnrin náà dúró. Ó wò ó láti orí bàtà dé orí irun. "Which fish?"

"The one wey dey your head."

Ó rọra sọ bàsíà kalẹ̀ sórí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì ṣí ọ̀rá tó fi bo orí rẹ̀. Kò sí ẹja níbẹ̀. Káàdì ni, àìmọye káàdì pẹlẹbẹ tí wọ́n lu ní ihò wínníwínní, tí wọ́n fi rọ́bà dì ní ìdì-ìdì, tí wọ́n sì fa ìlà búlúù kan dábùú orí ìdì kọ̀ọ̀kan.

Adéyẹyè la ẹnu sílẹ̀. "Háà. Káàdì kọ̀ǹpútà."

"Ẹ tún gbọ́ Yorùbá," ni obìnrin náà wí. "Ṣé kí n gé e fún yín, àbí odindi lẹ fẹ́?"

Àwọn awakọ̀ ojú omi tó wà nítòsí kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ojú Adéyẹyè ti tú gbogbo rẹ̀ fún wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí yóò fi rí ọ̀rọ̀ sọ, obìnrin náà ti gbé bàsíà rẹ̀ padà sórí, ó ti wọ bàtà, ó ti gun orí títì. Kò tilẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n. Ní òwúrọ̀ yẹn kan náà, nígbà tó dé ilé-iṣẹ́ akẹ́rù létí èbúté Warri níbi tí wọ́n rán an sí, obìnrin ẹlẹ́ja náà ló bá lórí àga, tó ń fi pẹ́ńsù gbá etí káàdì gún régé. Jemima lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ. Òun nìkan ló kù ní gbogbo ọ́fíìsì náà tó gbọ́ èdè tí kọ̀ǹpútà wọn ń gbọ́.

Àsìkò yẹn ni owó epo ń ṣàn ní Warri bí omi òjò. Wọ́n ń kọ́ ilé ìfọpo lọ́wọ́ ní Ubeji, àwọn ọkọ̀ òkun sì ń tò lẹ́yìn ara wọn lójú odò. Ilé-iṣẹ́ náà ti ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan láti ìlú òyìnbó, ẹ̀rọ tó tóbi tó yàrá ìdáná, tí kò gbọ́ ju Ọ́tòkódà lọ, èdè tí àwọn tó dá a sílẹ̀ pàápàá ti ń gbàgbé. Òyìnbó kan ló fi èdè náà kọ ètò tó ń sọ ọkọ̀ tí yóò wọlé, ọjọ́ tí omi yóò kún tó fún un, àti ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí. Òyìnbó náà padà sílé rẹ̀ láì ṣàlàyé ohunkóhun. Jemima tó jókòó tì í, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn dé, ni gbogbo àlàyé tó fi sílẹ̀.

Ní báyìí, Èkó ti ra ẹ̀rọ tuntun tí kò gbọ́ ju Kóbọ́ọ̀lù lọ. Iṣẹ́ Adéyẹyè ni láti túmọ̀ ètò àtijọ́ náà sí èdè tuntun, kí wọ́n lè da ẹ̀rọ àlòkù yẹn nù, kí òun sì padà sí Èkó.

"Ẹ̀yin lẹ wá pa èdè mi nìyẹn," ni Jemima wí.

"Mo wá túmọ̀ rẹ̀ ni."

"Ẹni tó kú kì í bi ẹni tó pa á bóyá ó rọra ṣe é. Ẹ jókòó, oníbàárà ẹja."

Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára.

Adéyẹyè kì í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ ń balẹ̀. Láti kékeré ló ti máa ń tú rédíò bàbá rẹ̀ wò, tí àwọn ará ilé á wá máa ka nọ́ọ̀tì tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tó bá tò ó padà. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí òde ijó, òun ń yá ìwé nípa àwọn èdè kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rọ kankan kò sọ mọ́, ó ń kà wọ́n bí ẹni ń ka ìtàn ọ̀daràn. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, Ọ́tòkódà kọjá iṣẹ́. Àlọ́ ni.

Kóbọ́ọ̀lù a máa sọ̀rọ̀ bí ọmọ iléèwé tó ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà, gbólóhùn gígùn tó kún fún ẹ̀yẹ. Ọ́tòkódà kò ní ẹ̀yẹ kankan. Gbé eléyìí. Gbé e sọ́hùn-ún. Bí wọn kò bá dọ́gba, fò kọjá. Àṣẹ kan, káàdì kan. Àyè inú ẹ̀rọ náà sì há tó bẹ́ẹ̀ tí òyìnbó yẹn fi ń lo ohun kan fún iṣẹ́ méjì, bí ẹni tó fi abọ́ kan ṣoṣo jẹun tó tún fi bu omi mu. Jemima ló ń fi ibi tí abọ́ náà wà hàn án.

Nínú Ọ́tòkódà, bí ènìyàn bá lu àmì ìràwọ̀ sí iwájú káàdì kan, ẹ̀rọ yóò fo káàdì náà. Ènìyàn nìkan ni yóò kà á. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Adéyẹyè bá irú káàdì bẹ́ẹ̀ láàárín ìdì tó gbé sílẹ̀: "Oníbàárà, ẹ má dé ìsàlẹ̀ yìí. Kò ní yé yín." Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ le lóòótọ́. Nígbà tó yé e tán, ó lu káàdì tirẹ̀ sínú ìdì: "Ó ti yé mi. Kí ni ẹ̀bùn mi?" Èsì tó rí lọ́jọ́ kejì kò gùn. "Ẹja."

Ó sì rí ẹja jẹ, nínú ọbẹ̀ bánga tí wọ́n fi ẹyìn sè, pẹ̀lú sítáàṣì, òkèlè tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ rò, ní ilé oúnjẹ kan lẹ́yìn èbúté. Sítáàṣì náà lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń rún un títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Festus, ọmọ Urhobo tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, tó bá wọn jókòó, ló ṣàánú rẹ̀.

"Oga, na swallow dem dey swallow am. No be chewing gum."

Jemima rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé tábìlì. Láti ọjọ́ yẹn ni "ẹ" ti kúrò láàárín àwọn méjèèjì, tí "o" sì wọlé.

Adéyẹyè tún wá mọ ìdí tí káàdì ilé-iṣẹ́ náà fi ń rùn bí ẹja. Bí NEPA bá ti mú iná lọ, ẹ̀rọ amúlétutù á kú, ọ̀rinrin Warri á wọ inú káàdì, wọ́n á wú, ẹ̀rọ tó ń ka káàdì á sì máa rún wọ́n bí Adéyẹyè ṣe rún sítáàṣì. Jemima ló ronú kan àjà ìyanja bàbá rẹ̀, pẹpẹ alápá-òkè-àti-ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń to ẹja sí lórí iná. Bí káàdì bá ti wú, á fi bàsíà rù wọ́n lọ sí Ubeji, á tò wọ́n sórí àjà tó ga jù, níbi tí ooru rọra ń dé, á sì gbé wọn padà ní gbígbẹ. Ìlà búlúù orí ìdì ni kì í jẹ́ kí wọ́n dàrú: bí káàdì kan bá ṣì ipò, ìlà náà á ṣẹ́. Òfin kò gbà kí káàdì jáde kúrò nílé-iṣẹ́. Festus mọ̀, ó dákẹ́. Ọ̀gá wọn, Akínyẹlé, kò mọ̀. Ó kàn máa ń béèrè pé ta ló ń jẹ ẹja ní ọ́fíìsì ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí Adéyẹyè sin Jemima dé etí omi, ó sọ fún un pé òun fẹ́ ẹ. Kò ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ní òun ti ka ọ̀pọ̀ nǹkan tó díjú, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí èyí tí òun kò fẹ́ kó tán rí, àfi èyí.

Jemima gbé bàsíà rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó ní òun náà fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n bàbá òun wà níbẹ̀. Mary, ẹ̀gbọ́n òun, fẹ́ òṣìṣẹ́ epo kan tí wọ́n gbé wá láti Èkó. Iṣẹ́ ọkùnrin náà parí, ó mú Mary lọ sí Èkó, láti Èkó wọ́n ré kọjá òkun. Nígbà tí ìyá wọn kú, wọ́n sin ín láìsí Mary níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni bàbá ti sọ pé ẹni tí yóò fẹ́ Jemima gbọ́dọ̀ máa gbé níbi tí ọkọ̀ òun lè dé.

"Iṣẹ́ tìrẹ náà sì máa parí," ni Jemima wí.

"Tí mo bá rọra ṣe é ńkọ́? Kò sẹ́ni tó gbọ́ Ọ́tòkódà ní Èkó. Wọn ò ní mọ̀."

"Èmi á mọ̀." Ó gba bàsíà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ohun tí wàá lọ sọ fún bàbá mi nìyẹn, Adéyẹyè? Pé irọ́ lo fi ń gbé Warri? Bí iṣẹ́ bá tán kó tán. Mi ò lè máa jí lójoojúmọ́ kí n máa wo ẹni tó ń díbọ́n."

Ó wọ ọkọ̀. Adéyẹyè dúró títí ọkọ̀ fi yí kọ́nà odò. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, kò fà á, kò sáré.

Nígbà tí òjò wá ń rọ̀ léraléra, tí gbogbo káàdì tún wú, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun bá a lọ sí Ubeji, kí òun lọ kí bàbá. Bàbá Zachariah jẹ́ ẹni gíga tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, alàgbà ní ìjọ wọn, ohùn Ìlàjẹ sì wà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó dá Adéyẹyè lóhùn dáadáa, ṣùgbọ́n "ọmọ Èkó" ló ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti sọ fún un pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni òun.

Jemima fẹ́ yára dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ kọ́ orin. Ó ní kó bá òun to káàdì sórí àjà òkè. Adéyẹyè wo àjà náà, àlọ́ sì wọ̀ ọ́ lórí. Ó rò ó pé ìsàlẹ̀ ló sún mọ́ iná jù, pé ìsàlẹ̀ ni yóò yára gbẹ, pé bí Jemima bá dé, yóò bá iṣẹ́ ní píparí. Inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n náà. Ó tò wọ́n sí ìsàlẹ̀, ó sì jókòó pẹ̀lú bàbá, ó ń bá a to ẹja ṣàwá tútù sórí àjà òkè.

Ṣàwá ní ọ̀rá. Nígbà tó fi rántí, ọ̀rá ti ń kán bọ̀ tó, tó, tó, sórí káàdì. Ó kó wọn kúrò, ó fi áńkáṣíìfù nù wọ́n, ó dì wọ́n padà. Ó wò wọ́n, ó ní kò ṣe nǹkan. Nígbà tí Jemima dé, Adéyẹyè kò sọ fún un, nítorí bàbá ń wo òun, ó sì fẹ́ kí bàbá rí òun bí ẹni tó mọ iṣẹ́.

Ọ̀rá ẹja máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ la káàdì kọjá, ìmọ́lẹ̀ sì ni ẹ̀rọ wọn fi ń wá ihò. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ rí ihò níbi tí kò sí ihò. Ìwé tó tẹ̀ jáde sọ pé gbogbo ọkọ̀ tó wà lójú odò yóò wọlé lọ́jọ́ kan náà, sí ibi ìgúnlẹ̀ kan náà. Festus kà á, ó tún un kà.

"Na all the ship for this world dey come Warri today."

Ẹ̀rín rẹ̀ kò pẹ́. Ikán ti jẹ ẹ̀dà káàdì náà láti ọdún tó kọjá. Èyí nìkan ló kù. Jemima gbé káàdì kan sójú fèrèsé, ó rí àbàwọ́n, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì yíjú sí Adéyẹyè. Kò ní láti béèrè.

"O rí i, o sì nù ún," ni ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "O ò sọ fún mi."

Ọ̀gá Akínyẹlé jáde wá, òun náà gbóòórùn ẹja lára káàdì, ó ń béèrè ẹni tó gbé káàdì jáde kúrò nílé-iṣẹ́. Jemima dìde.

"Èmi ni, Ọ̀gá."

Adéyẹyè mọ ohun tó kàn. Wọn yóò lé Jemima. Èkó yóò ní kí òun dúró sí Warri láti tún ètò náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, oṣù lórí oṣù, láìsí irọ́ kankan tí òun tún ní láti pa. Ohun tó ti ń wá gan-an ló wà níwájú rẹ̀, bó bá sáà lè panu mọ́. Ó dìde.

"Ó gbé wọn lọ kí wọ́n lè gbẹ ni, Ọ̀gá, bó ṣe ń ṣe látọjọ́ tí ẹ̀rọ yín ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo tò wọ́n sí abẹ́ ẹja."

"Abẹ́ kí ni?"

"Ẹja, sà. Ṣàwá."

Festus yíjú sógiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Akínyẹlé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ètò náà kò bá ti ṣiṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Jemima yóò kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí ìkáwọ́ tirẹ̀ ni káàdì wà. Ọkọ̀ òkun kò ní dúró de ẹja.

Wọ́n gbé tábìlì sí ẹ̀bá fèrèsé. Ojú kò lè ya ihò gidi sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rá, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú méjèèjì. Adéyẹyè ló ronú rẹ̀ pé ìka lè yà á. Wọ́n dán an wò: ọ̀rá ń yọ̀, ihò ń gún. Jemima di ojú, ó fi ìka tọ́ káàdì kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń pe ohun tó bá níbẹ̀, Adéyẹyè ń lu káàdì tuntun. Níbi tí káàdì bá ti ya, Adéyẹyè á sọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, nítorí ó ti mọ ìrònú òyìnbó náà bí ẹni mọ ọ̀nà ilé. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Jemima kò bá a sọ ju ọ̀rọ̀ káàdì lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ìka rẹ̀ dúró lórí káàdì kan.

"Ìràwọ̀ ló wà níwájú eléyìí," ni ó wí, ojú rẹ̀ ṣì dì. Ó tọ́ ìyókù. "'Ó ti yé mi. Kí ni ẹ̀bùn mi?'" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìwà ọmọdé rẹ ti pẹ́."

"Ṣé kí n fò ó?"

"Lù ú bó ṣe wà."

Jemima nawọ́ kọjá tábìlì, ó di ọwọ́ Adéyẹyè mú, ọwọ́ tó ń rùn bí ẹja. "Bó o bá tún ba nǹkan mi jẹ́, sọ fún mi kí ẹ̀rọ tó sọ fún mi. Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Màá sọ fún ọ, Ìyá Ẹlẹ́ja."

Ẹ̀rọ gba káàdì tuntun náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọkọ̀ pín ara wọn sí ọjọ́ tí ó yẹ wọ́n, Akínyẹlé sì padà sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ti tọ́ gbogbo káàdì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ibi kankan nínú ètò náà tó ṣókùnkùn sí Adéyẹyè mọ́. Ìtumọ̀ tó yẹ kó gba oṣù mélòó kan parí lọ́wọ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Fóònù dún láti Èkó pé kó máa bọ̀.

"A yára jù," ni Jemima wí.

"A ṣe é dáadáa ni."

Adéyẹyè lọ bá bàbá ní Ubeji fúnra rẹ̀, Jemima sì jókòó nínú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láì béèrè ohun tó fẹ́ sọ. Bàbá Zachariah ń di àwọ̀n lábẹ́ àtíbàbà. Adéyẹyè dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ ohun gbogbo: ẹja, káàdì, fóònù Èkó.

"Wọ́n ní kó o máa bọ̀," ni bàbá wí. "Mo ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Lẹ́nu ọkọ Mary."

"Mo ti sọ fún wọn pé mi ò bọ̀, Bàbá."

Jemima yí orí padà kíá.

Adéyẹyè ní àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn wà ní Warri tí òyìnbó fi ẹ̀rọ àtijọ́ sílẹ̀ fún, tí kò sẹ́ni tó lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan wà létí èbúté tí èdè tirẹ̀, òun gan-an kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Wọ́n ti bẹ òun. Òun fẹ́ gba ọ́fíìsì kékeré kan, kí òun àti Jemima máa tú wọn, bí Jemima bá gbà. Owó rẹ̀ kò tó ti Èkó.

Bàbá fa òwú àwọ̀n gùn, ó gé e. "Bí ẹ bá wá ka gbogbo ẹ̀rọ Warri tán ńkọ́?"

Adéyẹyè wo àjà ẹja tó wà lẹ́yìn àtíbàbà. "Mi ò mọ̀, Bàbá. Bóyá nígbà náà ni ẹ ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yan ẹja láì jẹ́ kí ọ̀rá rẹ̀ kán."

Bàbá gbé ojú sókè. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú irùngbọ̀n rẹ̀, ó lọ sí èjìká, ó dé ọwọ́, títí abẹ́rẹ́ àwọ̀n fi bọ́. "Ìyẹn á gba ọjọ́ ayé rẹ," ni ó wí. Ó yíjú sí Jemima. "Ọma mi, o gbọ́ ohun tó wí?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ló wí i fún. Kò tíì bi èmi."

Adéyẹyè dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lórókún, ó sì dúró níwájú rẹ̀ bó ṣe dúró lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn ní Ogbe-Ijoh.

"Sister, abeg," ni ó wí, "how much your fish?"

Jemima wò ó láti orí bàtà dé orí irun. "Mi ò gé e fún ẹnikẹ́ni," ni ó wí. "Odindi ni wàá gbé."

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Ubeji. Bí tọkọtaya ṣe jáde, Festus tú àpò kan sí wọn lórí, ègé bébà wínníwínní tí ẹ̀rọ ìlùhò ti ń já sílẹ̀ fún gbogbo ọdún yẹn, wọ́n sì bọ́ sórí aṣọ funfun, sínú irun, sínú irùngbọ̀n alàgbà, sórí omi.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà tí Bàbá Zachariah fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé Jemima dé etí omi Ogbe-Ijoh, tí Adéyẹyè sì ti ń dúró dè é lókè, bàbá rí ègé kan nínú ìṣẹ́po fìlà rẹ̀. Ó gbé e lé orí ìka, ó bi ọmọ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ wo ló wà nínú eléyìí.

"Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, Bàbá. Inú ihò ni ọ̀rọ̀ wà. Eléyìí ló kúrò níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó lè wọlé."

Bàbá wo ègé bébà náà, ó wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń gun pákó lọ pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Ó dá a padà sínú fìlà rẹ̀, ó dé e, ó sì ti ọkọ̀ sódò.